Òwú Tó Kọ́kọ́ Là

Bí o bá rí àgbà ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta tó ń tọ pọ́ún pọ́ún kiri láàárín àpáta, tó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, tó ń lé ẹlẹ́ǹgà, kí ni wàá rò? Ohun tí gbogbo abúlé Akofodjoulè rò náà nìyẹn. Wọ́n ní orí Sylvestre ti dàrú. Wọ́n ní ikú ìyàwó ló ń bá a jà. Lambert, aládùúgbò rẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, máa ń dúró sí etí oko, á fọwọ́ lé ìbàdí, á ní, "Sylvestre, ṣé ẹran ọbẹ̀ lò ń wá ni, àbí ìyàwó?"

Sylvestre á kàn tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Á mú ẹlẹ́ǹgà kan, á jù ú sínú ike kékeré, á tún gun òkè sí i. Ẹlẹ́ǹgà tó wà nínú oko òwú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé kò lóǹkà, kò sì ní rìn ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá lọ kó tó rí wọn mú. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé kòkòrò inú oko òwú kò gbọ́dọ̀ dé ẹnu àwọn èèrà náà, nítorí oògùn tí wọ́n ń fín. Ìdí nìyẹn tí bàbá fi ń gun àpáta lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti fín nǹkan kan rí. Orúnkún ń dùn ún. Ó ń lọ bẹ́ẹ̀.

Èèrà ni mo sọ, etí yín kò dí. Èèrà dúdú, gbọ̀ngbọ̀nràn, tó ń gbé inú àpótí ike kan tí kò tóbi ju Bíbélì lọ, àwọn àti ayaba wọn tí ikùn rẹ̀ tó hóró ẹ̀wà. Rébecca ló ni wọ́n, ọmọ kan ṣoṣo tí Sylvestre bí láyé.

Rébecca lọ kọ́ ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò ní yunifásítì tó wà ní Calavi. Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, nígbà tó wá lo ìsinmi nílé, òjò kan rọ̀ lọ́sàn-án, ó dá, ìyá rẹ̀, Josiane, sì rí ayaba náà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Díẹ̀ ló kù kó tẹ̀ ẹ́ pa. Ó kígbe pe ọmọ rẹ̀, ó ní, "Wá wo nǹkan! Èyí ń bọ́ ìyẹ́ ara rẹ̀ bí ẹni ń bọ́ aṣọ." Ìyá àtọmọ lóṣòó tì í títí ọbẹ̀ fi jóná lórí iná. Rébecca mú un, ó fi í sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó rọ omi sí ìdí rẹ̀, ó fi òwú dí omi náà kí èèrà lè máa fa omi mu lára òwú láìrì sínú rẹ̀. Kò pẹ́ kò jìnnà, ayaba yé ẹyin, ẹyin di ìdin, ìdin di ọmọ. Láti ìgbà náà, bí Rébecca bá ti Calavi dé, Josiane kì í béèrè ìdánwò. "Ọlọ́mọ ńkọ́?" ni yóò kọ́kọ́ béèrè. Orúkọ tó sọ ayaba náà nìyẹn, Ọlọ́mọ.

Josiane kú ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Ó lọ sóko láàárọ̀, ó ru omi mímu sórí nínú bídọ̀nù, ike ìpọnmi kan. Nígbà tí oòrùn ń rẹlẹ̀, gbígbé ni wọ́n gbé e wálé. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tó wà níwájú rẹ̀ mọ́. Kí wọ́n tó rí ọkọ̀ tí yóò gbé e dé ilé ìwòsàn ní Dassa, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Sylvestre ní ibà ni. Àwọn ẹbí ní ayé ló ṣe é. Rébecca ti Calavi dé, ó béèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀, ó fetí sílẹ̀ láìsunkún, lẹ́yìn náà ló wá sọ̀rọ̀ níwájú òkú àti níwájú gbogbo ẹni tó wá kẹ́dùn. Ó ní, "Bàbá, bídọ̀nù tí màmá gbé lọ sóko dà? Ṣé kì í ṣe bídọ̀nù oògùn òwú?"

Sylvestre gbá a létí. Etí Rébecca hó yee.

"O fẹ́ sọ pé èmi ni mo pa ìyá rẹ?" Ohun tí Sylvestre wí nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò sì sọ bẹ́ẹ̀ o. Òun fúnra rẹ̀ ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Rébecca sin ìyá rẹ̀, ó kó ẹrù rẹ̀, kò sì wọ ilé náà mọ́. Á pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù nígbà ọdún Kérésì àti nígbà ọdún Àjíǹde, á kí i, á béèrè àlàáfíà, ọ̀rọ̀ á tán. Ẹni tí kò bá ní ju ọmọ kan lọ, tí ọmọ náà ń kí i bí ẹni ń kí àlejò, ẹ bi í bí oúnjẹ ṣe ń rí lọ́nà ọ̀fun rẹ̀.

Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún yìí, wọ́n gba Rébecca sí ẹ̀kọ́ kan ní Dakar fún oṣù mẹ́wàá. Wọn kò ní jẹ́ kó gbé èèrà kọjá ẹnubodè. Ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń gbé yàrá sì ti búra pé òun kò ní bá èèrà sun abẹ́ òrùlé kan náà nígbà tí ẹlẹ́èrà kò sí nílé. Nígbà tí Sylvestre gbọ́ ọ lórí fóònù, ẹnu rẹ̀ yára ju ọpọlọ rẹ̀ lọ. Ó ní, "Gbé wọn wá. Èmi yóò tọ́jú wọn." Rébecca ní òun ń bọ̀.

Ó wá lóòótọ́. Ó gun zémìjàn láti Dassa, ó ní kí ọlọ́kadà dúró de òun, ó sì dúró sábẹ́ igi kajú lójúde, kò wọlé. Ó gbé àpótí náà lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ pẹ̀lú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ mélòó kan, ìdì òwú láti ilé ìtajà oògùn, àti ìwé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ó ní, "Bàbá, Ọlọ́mọ ni gbogbo ohun tó ṣẹ́ kù fún mi lára màmá. Bí ẹ bá tọ́jú rẹ̀ títí mo fi dé, màá wọlé. A ó jọ lọ sí ibojì màmá lọ́jọ́ ìrántí àwọn òkú. Bí òwú bá tán, ẹ ra irú rẹ̀ nílé oògùn ní Dassa." Ó kí i pé ó dàbọ̀, ó sì gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ.

Ẹ ò rí ayé? Ohun tí àlùfáà bẹ̀bẹ̀ títí tí kò ṣeé ṣe, tí ẹbí pe ìpàdé lé lórí tí kò ṣeé ṣe, èèrà ni yóò wá ṣe é.

Sylvestre sì tọ́jú wọn. Ẹ jẹ́ ká fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, á fi abẹ gé ẹlẹ́ǹgà sí méjì, á fi ìdá kan sílẹ̀ fún wọn. Á po oyin mọ́ omi, á kán ẹ̀kán kan sórí ọmọrí ìgò. Á kó egbin wọn pẹ̀lú igi ìtayín. Ó fi aṣọ pupa bo àpótí náà, nítorí ìwé sọ pé wọn kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀, ó sì gbé e síbi tí ewúrẹ́ kò lè dé. Lóṣooṣù, bí omi ìgò bá dọ̀tí, á rọ omi tuntun sínú ìgò mìíràn, á fi òwú dí i, á fi ẹnu ìgò tuntun náà kan ẹnu tàtijọ́, á sì dúró kí Ọlọ́mọ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ṣí lọ sínú tuntun, nítorí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án.

Nígbà tó yá, kì í ṣe nítorí Rébecca nìkan mọ́. Á jókòó, á rọra gbé aṣọ pupa sókè, á máa wo bí wọ́n ṣe ń fi ẹnu kò ara wọn lẹ́nu láti pín oyin, bí èyí tó yó ṣe ń pọ̀ ọ́ fún èyí tí ebi ń pa. Á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Á sọ fún wọn pé òjò kò rọ̀ ní ìlú Kèrè nítòsí, pé ẹlẹ́dẹ̀ Lambert tún ti wọ oko ẹ̀gẹ́. Ilé tó ti dákẹ́ fún ọdún mẹ́ta tún ní ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan ó pe Rébecca, ó ní, "Wọ́n ti lé ní ọgọ́rùn-ún. Ọlọ́mọ sanra bí ìyá oníṣòwò." Rébecca rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín gan-an, ohùn rẹ̀ dàbí ti ìyá rẹ̀. Sylvestre gbé fóònù kalẹ̀, ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó sunkún.

Ó wá ku ọjọ́ méjì kí Rébecca dé. Sylvestre ti gbá ilé, ó ti ra àbẹ́là fún ibojì, ó ti ra ẹyẹ awó tí yóò pa. Ó yọjú wo àpótí, ó rí i pé omi ìgò ti pọ́n. Kò fẹ́ kí ọmọ bá ìdọ̀tí nílé. Ó wá òwú, ó rí i pé ìdì tí Rébecca gbé sílẹ̀ ti tán.

Ṣé ẹ rántí ohun tí ọmọ yẹn sọ? Òun náà rántí. Ó rántí, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Kí òun, Sylvestre, tó ti ń gbin òwú fún ogójì ọdún, gun ọ̀kadà lọ sí Dassa lọ ra òwú tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ? Ta ló ń gbé etí odò tó ń fi itọ́ fọwọ́? Àwọn èèyàn á fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí wọn yóò fi sin ín.

Nǹkan mìíràn sì tún wà níbẹ̀. Ní agbo ilé tiwọn, òwú tó bá kọ́kọ́ là nínú ọdún, wọn kì í tà á, wọn kì í sì í dà á pọ̀ mọ́ tọjà. Ìyá ilé ló ni ín. Ọwọ́ Josiane ni Sylvestre ń fi lé lọ́dọọdún. Josiane á yọ kóró inú rẹ̀, á lọ́ ọ di òwú fìtílà, á tan án níwájú ère Màríà lọ́jọ́ ìrántí àwọn òkú. Láti ìgbà tó ti kú, òwú àkọ́là kò rẹ́ni gbà á, ó ń gbẹ sórí igi ni. Lọ́dún yìí, ẹ̀bá ọ̀nà gan-an ló ti là, ọ̀kan ṣoṣo, funfun báláú, láàárín ewé tútù. Sylvestre dúró wò ó. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé ilé tún ti ní ìyá. Ó já a.

Ọjọ́ márùn-ún ṣáájú ni ó gbé ẹ̀rọ ìfín kọ́ ẹ̀yìn, tó fi aṣọ di imú, tó fín oko náà láti òpin dé òpin.

Ẹ má bi mí bóyá kò mọ̀. Fún ẹlẹ́ǹgà, ó mọ̀. Nítorí ẹlẹ́ǹgà, ó gun òkè títí orúnkún rẹ̀ fi wú. Ṣùgbọ́n òwú? Ta ló ń bẹ̀rù òwú? Orí òwú ni wọ́n gbé bí i, òwú ni wọ́n fi mú un lọ sílé ìwé, òwú ni wọ́n yóò fi dí i nímú lọ́jọ́ tó bá kú. Ó yọ kóró rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ títí tó fi rọ̀, ó fi dí omi, ó sì gbé ìgò sí ipò rẹ̀. Ó ní, "Ọlọ́mọ, òwú rẹ rèé. Ìyá ilé ló ni ín."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé aṣọ pupa sókè láti kí wọn. Àwọn kan ti dojú sókè. Àwọn kan ń yí po lójú kan, wọ́n ń ṣubú, wọ́n ń dìde, wọ́n tún ń ṣubú. Ó rò pé omi ló pọ̀ jù. Ó yọ ìgò náà, ó da oyin sí i, ó gbé àpótí lọ síbi tó tutù. Nígbà tó di ọ̀sán, Ọlọ́mọ fúnra rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń gbọ̀n, wọ́n ń gbọ̀n wìrìwìrì láìdáwọ́ dúró, àwọn ọmọ tó kù sì ń fi ẹnu lá a bí ẹni pé wọ́n lè lá ikú kúrò lára rẹ̀.

Sylvestre mọ gbígbọ̀n yẹn. Ó ti rí i rí. Orí ẹní ló ti rí i, ní yàrá yìí kan náà, lára ìka Josiane.

Lambert yà wọlé láti béèrè ìgbà tí ọmọ yóò dé. Ó wo àpótí, ó wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ kò fi í ṣẹ̀fẹ̀. Ó ní, "Sọ fún Rébecca pé èèrà náà ti darúgbó. Ta ló mọ ọjọ́ orí èèrà? Tàbí kí o ní òtútù ni. Èèrà ni, Sylvestre. Ọmọ kì í kọ bàbá rẹ̀ nítorí èèrà."

Ìmọ̀ràn dé! Ó sì dùn létí. Lọ́jọ́sí ibà, lónìí ogbó. Lambert lọ tán, Sylvestre mú ọkọ́, ó kó ìgò àti òwú funfun náà dání, ó bọ́ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná láti lọ bò wọ́n mọ́lẹ̀ kí ọmọ tó dé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò wulẹ̀ bi í léèrè. Ìdí igi ìbẹ́pẹ ló gbé e lọ, níbi tó ti gbẹ́ ilẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn.

Nítorí ó mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹkún rẹ̀ tàn yín jẹ, ọkùnrin yẹn mọ̀. Òun ló lo oògùn inú bídọ̀nù náà tán. Òun ló fi eérú fọ̀ ọ́, ó fi iyanrìn ṣàn án, lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní ó ti mọ́, bí gbogbo àgbẹ̀ òwú tó mọ̀ ṣe ń ṣe. Òun ló pọn omi sí i, tó gbé e ru Josiane lórí, tó ní kó tètè dé. Lọ́jọ́ tó kú, kí ara rẹ̀ tó tutù, ó ti ri bídọ̀nù náà mọ́ ìdí ìbẹ́pẹ. Ó wá padà sínú ilé, ó ní ibà ni. Àwọn bídọ̀nù mìíràn tó wà nílé, kò da ọ̀kankan nù, nítorí ẹni tó bá dà wọ́n nù ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Ó ń pọn omi sí wọn lọ, àwọn ará abúlé ń rí i, ó sì ń mu ún níṣojú wọn.

Ó gbé ọkọ́ sókè. Kò gbẹ́ ilẹ̀ láti bo nǹkan kan mọ́. Ó gbẹ́ ẹ títí ọkọ́ fi kan ike, ó sì fi ọwọ́ wa erùpẹ̀ kúrò. Bídọ̀nù náà wà bó ṣe wà. Ilẹ̀ kò jẹ ẹ́. Ó gbé e wọlé pẹ̀lú erùpẹ̀ lára rẹ̀, ó gbé e lé orí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí tí gbogbo inú rẹ̀ ti dákẹ́.

Ọjọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, lẹ́yìn ìsìn ọ̀sán, zémìjàn dúró lábẹ́ igi kajú. Rébecca sọ̀kalẹ̀, ó gbé òdòdó dání. Ó dúró díẹ̀ níwájú ìlẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ó bọ́ bàtà, ó sì wọlé.

"Bàbá, ẹ kú ilé o."

"Rébecca. Ọmọ mi, káàbọ̀."

Ojú rẹ̀ ń dán. Ó kọ́kọ́ rí aṣọ pupa, ó na ọwọ́ sí i. Sylvestre ní, "Má ṣí i." Ìgbà náà ni Rébecca wá rí bídọ̀nù.

Sylvestre ti to ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu láti òru, ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀ fọ́n ká. Ó kàn ń sọ ọ́ bó ṣe ń bọ̀. "Wọ́n ti kú. Òwú oko ni mo fi dí omi wọn, òwú tó kọ́kọ́ là. Mo ti fín in. Wọ́n gbọ̀n, Rébecca. Bí ìyá rẹ ṣe gbọ̀n gan-an ni wọ́n ṣe gbọ̀n. Bídọ̀nù yẹn nìyí. Èmi ni mo fọ̀ ọ́. Èmi ni mo gbé e rù ú."

Rébecca ṣí aṣọ pupa. Ó wo Ọlọ́mọ pẹ́. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò ga rárá.

"Láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Láti ọjọ́ náà."

"Ẹ mọ̀ nígbà tí ẹ gbá mi létí?"

"Mo mọ̀."

Rébecca wá àga, ó jókòó. Kò sunkún, kò bú u. Sylvestre ìbá fẹ́ kó bú òun. Ó dúró gbagidi, kò mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe, bẹ́ẹ̀ ló rántí pé ọmọ ti ọ̀nà jíjìn dé, òun kò sì tíì fún un lómi. Ẹni tó bá ti ìrìn àjò dé, omi là ń kọ́kọ́ fún un, ì báà ṣe ọ̀tá. Ó sáré lọ sí ilé ìdáná, ó bu omi sínú abọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e wá fún ọmọ tó bí.

Rébecca gbà á. Ó gbé e dé ẹnu. Ó dúró.

"Bàbá," ó ní, "kí lẹ fi pọn omi yìí?"

Sylvestre yíjú sí igun ilé ìdáná. Bídọ̀nù mẹ́ta ló tò síbẹ̀, funfun, ìwé ara wọn ti bó tipẹ́tipẹ́. Ọ̀kan, òróró ló fi rà á lọ́jà Kèrè. Ọ̀kan, Lambert ló fún un. Ẹ̀kẹta ńkọ́? Ó wò ó. Ó tún wò ó. Ó ṣí ẹnu láti búra, kò lè búra.

Rébecca gbé abọ́ náà kalẹ̀ lórí tábìlì, jẹ́jẹ́, kò jẹ́ kó dà. Ó mú òdòdó rẹ̀, ó gbé àpótí Ọlọ́mọ há abíyá. Ó ní, "Mò ń lọ sọ́dọ̀ màmá. Ẹ má tẹ̀ lé mi." Sylvestre gbọ́ tí ọ̀kadà dún, tó gba ọ̀nà ibojì lọ.

Ó jókòó ti abọ́ omi náà títí ilẹ̀ fi ṣú. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ gan-an. Kò mu ún.